Orí Keje: Ìtajà Aṣèrànwọ́, Ìtọ́jú Oníbàárà àti Ìgbógunti Ebi ní Àdúgbò

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ìtumọ̀ ìtajà aṣèrànwọ́, kí ó sì fi ìyàtọ̀ tó wà láàrin rẹ̀ àti ọrẹ àánú hàn;
(b) ṣàlàyé bí báǹkì oúnjẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ìdí tí àwọn ọlọ́jà fi ń bá a dòwò pọ̀;
(d) fi àpẹẹrẹ hàn bí ìtọ́jú oníbàárà ṣe ń gbé irú ètò yìí ró tàbí bì í wó;
(e) ṣírò bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ tà tó kí èrè ọlọ́jà má baà dín kù.

7.1 Ohun tí à ń pè ní ìtajà aṣèrànwọ́

Ní ọjà ìbílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ra gààrí tàbí ẹ̀wà mọ̀ pé òun yóò gba èènì lé e. Èènì yìí ni ọlọ́jà fi ń fa oníbàárà mọ́ra kí ó lè tún padà wá. Nínú ọ̀nà ìtajà tí orí yìí dá lé lórí, èènì náà ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò sí ní ìsọ̀ rárá. Ìtajà aṣèrànwọ́ ni ètò tí ilé iṣẹ́ fi so ọjà tí ó ń tà mọ́ ìrànwọ́ fún aráàlú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọjà bá ṣe ń tà sí i ni ìrànwọ́ náà yóò máa pọ̀ sí i. Ohun méjì ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọrẹ àánú, ìyẹn owó tàbí ẹrù tí ilé iṣẹ́ kàn yọ sílẹ̀ fún aláìní láìso ó mọ́ ọjà kankan. Èkíní, oníbàárà lọ́wọ́ sí i: bí kò bá rajà, ìrànwọ́ náà kò níí wáyé. Èkejì, ilé iṣẹ́ kò fi pamọ́ pé òun náà ń wá èrè.

Àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìpolówó sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni ti American Express, ilé iṣẹ́ káàdì ìsanwó, ní ọdún 1983. Nígbà náà, wọ́n ń wá owó láti tún Ère Òmìnira tí ó wà ní èbúté New York ṣe. Ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí pé ìgbàkígbà tí oníbàárà bá fi káàdì òun rajà, òun yóò yọ sẹ́ǹtì kan sílẹ̀ fún ère náà, àti pé bí ẹni tuntun bá gba káàdì, òun yóò fi dọ́là kan sí i. Owó tí ó jọ jẹ́ nǹkan bíi $1,700,000, lílo káàdì náà sì fi nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kí ni sẹ́ǹtì kan jámọ́ lójú ẹni tí ó ń sanwó oúnjẹ alẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì? Ohun tí ó gbé ètò náà lárugẹ ni pé ìlérí rẹ̀ yéni kedere, oníbàárà sì lè fi ọkàn ṣírò iye tí ó kan òun fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí orí yìí fi dúró lé àlàyé kan: bí ìrànwọ́ ti pọ̀ tó kọ́ ni òpómúléró ìtajà aṣèrànwọ́, bí ilé iṣẹ́ ṣe ń tọ́jú àwọn tí ó ṣèlérí fún ni.

7.2 Báǹkì oúnjẹ, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ ebi fi bá ọlọ́jà mu

Báǹkì oúnjẹ ni ibi tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ jọ láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, ilé iṣẹ́ àti ilé ìtajà, tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ti ń pín in fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ó sún mọ́ àwọn tí ebi ń pa. Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti dá àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1967. John van Hengel, oníṣòwò kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó dá a sílẹ̀. Obìnrin kan tí ó ń ṣa oúnjẹ tí àwọn ilé ìtajà dànù láti fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sọ fún un pé ó yẹ kí ibì kan wà bíi báǹkì, tí ẹni tí ó ní àjẹṣẹ́kù yóò ti máa fi oúnjẹ pamọ́, kí ẹni tí kò ní sì wá gbà á. Ìjọ St. Mary's fún un ní ilé kan àti $3,000 láti bẹ̀rẹ̀. Ní 1979, ẹgbẹ́ Second Harvest bẹ̀rẹ̀ láti so irú àwọn báǹkì bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Òun ni ó di Feeding America ní 2008, àwọn báǹkì oúnjẹ bí 200 sì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Trussell Trust ṣí àkọ́kọ́ tiwọn ní Salisbury ní 2000. Ní Èkó, Lagos Food Bank Initiative tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ ń pín oúnjẹ ní àwọn àdúgbò tí ìṣẹ́ ti mú, ó sì ní ètò fún àwọn aboyún, àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn ọmọ ilé ìwé.

Kí ló dé tí ilé ìtajà fi máa ń yan ọ̀rọ̀ ebi ju àwọn ìṣòro mìíràn lọ? Ìdí kan ni pé oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà, wọ́n sì máa ń pàdánù lórí èyí tí kò tà: búrẹ́dì tí ó lo ọjọ́ kan, tòmátò tí ó ti rọ̀ díẹ̀, páálí tí etí rẹ̀ ya nígbà tí ohun inú rẹ̀ ṣì péye. Bí báǹkì oúnjẹ bá kó o lọ kí ọjọ́ ìlò rẹ̀ tó kọjá, ọlọ́jà bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó ìdalẹ̀nù. Ìdí mìíràn, tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀kọ́ wa, ni pé kò sí oníbàárà tí a ní láti ṣàlàyé ebi fún. Èrò rẹ̀ sì ti wà lórí oúnjẹ ní ìsọ̀ náà, nítorí náà ohun tí ó ń rà àti ohun tí wọ́n ní kí ó dá sí jọ ń rìn. Níbi tí méjèèjì bá ti tako ara wọn, àwọn ènìyàn máa ń bínú. Ní 2010, KFC ní Amẹ́ríkà ta adìyẹ díndín nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ píńkì láti kówó jọ fún ìgbógunti àrùn jẹjẹrẹ ọmú. Owó jọ lóòótọ́, ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ béèrè ohun tí ó pa oúnjẹ ọlọ́ràá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Ilé iṣẹ́ kan náà ní South Africa ti ń ṣe ètò Add Hope láti 2009: oníbàárà lè fi ráńdì méjì kún owó oúnjẹ rẹ̀ láti bọ́ àwọn ọmọdé tí ebi ń pa. Oúnjẹ bá oúnjẹ mu, ètò náà sì ti pẹ́.

7.3 Oníbàárà àkọ́kọ́: ẹni tí ó ń sanwó

Ìtọ́jú oníbàárà ni gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe kí ẹni tí ó bá a dòwò lè rí ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un gbà, ní àkókò, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àlàyé tí ó yé e. Nínú ìtajà lásán, ìlérí kan ṣoṣo ni ó wà: ọjà tí ó dára fún owó tí oníbàárà san. Nínú ìtajà aṣèrànwọ́, ìlérí ti di méjì, oníbàárà kò sì lè fi ojú rí bóyá èkejì ṣẹ. Bí ìrẹsì bá ní òkúta, yóò mọ̀ nígbà tí ó bá ń jẹ ẹ́. Bí náírà mẹ́wàá tí wọ́n ní àwọn yọ lórí àpò ìrẹsì náà kò bá dé báǹkì oúnjẹ, ta ni yóò sọ fún un? Gbogbo ètò náà rọ̀ mọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé, ibi ìsanwó sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé náà ti ń gbilẹ̀ tàbí kí ó ti ṣá.

Ọ̀rọ̀ ìdérí yógọ́ọ̀tì Yoplait ní Amẹ́ríkà ní 1999 fi èyí hàn gbangba. Wọ́n ní kí oníbàárà fọ ìdérí ike yógọ́ọ̀tì, kí ó fi ránṣẹ́, àwọn yóò sì san àádọ́ta sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú. Ìdérí tí ó wọlé ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ. Àmọ́ gbèdéke wà nínú àdéhùn náà, ìyẹn iye tí ilé iṣẹ́ kò níí san kọjá, bó ti wù kí ọjà tà tó: $100,000 ni. Ẹni tí ó bá fi àádọ́ta sẹ́ǹtì ṣírò mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ìdérí yóò rí bí àlàfo náà ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Georgia dá sí ọ̀rọ̀ náà, ilé iṣẹ́ náà fi owó kún un. Kò sí ẹni tí ó jalè níbẹ̀. Ohun tí ó já ni ìlérí tí oníbàárà gbọ́, nítorí pé ohun tí ó gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lórí ìwé. Àwọn tí wọ́n fi omi àti sítáńpù wọn ṣe wàhálà lórí ìdérí tí kò mú sẹ́ǹtì kankan wá kò níí tètè gbàgbé. Nítorí náà, bí gbèdéke bá wà, ibi tí iye ìrànwọ́ wà lára páálí ni ó yẹ kí gbèdéke náà wà, ní lẹ́tà tí ojú lè kà.

Òṣìṣẹ́ tí ó ń gbowó tún ní ipa tirẹ̀. Nínú ètò tí wọ́n ti ń ní kí oníbàárà fi owó kún un, òun ni ó ń béèrè, èrò mìíràn sì ń gbọ́ lẹ́yìn. Bí ó bá béèrè bí ẹni pé kíkọ̀ jẹ́ ahun, oníbàárà lè san án lónìí, kí ó sì gba ìsọ̀ mìíràn lọ lọ́la. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ní ohun mẹ́ta: kí ó lè dárúkọ ẹgbẹ́ tí owó náà ń lọ bá, kí ó lè sọ ohun tí owó náà yóò rà, kí ó sì lè fi ẹ̀rín músẹ́ gba bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdáwó náà gbọ́dọ̀ hàn lórí rìsíìtì lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ní Amẹ́ríkà gbà gbọ́ pé ilé ìtajà ń fi owó tí àwọn dá níbi ìsanwó dín owó orí tirẹ̀ kù. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí owó oníbàárà ni, ilé ìtajà kàn ń bá a fi jíṣẹ́ ni. Síbẹ̀ àròsọ náà kò kú, ìdí sì ni pé àwọn ilé ìtajà kì í ṣàlàyé.

7.4 Oníbàárà kejì: ẹni tí ó ń jẹun

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kùnà. Ilé iṣẹ́ máa ń rántí oníbàárà tí ó ní owó lọ́wọ́, wọ́n a sì rí ẹni tí ó ń gba oúnjẹ bí ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn, ọ̀fẹ́ sáà ni. Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ lòdì sí èrò yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, èrò rọ́ lọ sí Yábàá ní Èkó láti ra ìrẹsì tí àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù ń tà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì tẹ àwọn kan pa níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ Kérésìmesì. Oúnjẹ wà ní gbogbo ibi wọ̀nyí, inú rere náà sì wà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ohun tí ilé ìtajà èyíkéyìí mọ̀ ọ́n ṣe: nọ́ńbà, ìlà, ẹnu ọ̀nà ìwọlé tí ó yàtọ̀ sí ti ìjáde, àkókò tí ó yàtọ̀ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀rọ̀ tí ó dá àwọn èrò lójú pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn yóò rí tirẹ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ CACOVID náà wà níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni Nàìjíríà ni wọ́n parapọ̀ lábẹ́ orúkọ yìí ní 2020 láti ra oúnjẹ fún aráàlú nígbà àrùn Kòrónà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, èrò já ilé ìkẹ́rù ní ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n sì kó oúnjẹ tí ó ṣì wà níbẹ̀ lọ. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn kò fi pamọ́, pé ètò pínpín ni kò tíì parí. Ká tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń retí kò mọ ọjọ́ tí yóò kàn án, kò sì mọ ibi tí yóò ti béèrè. Ilé ìtajà tí ó bá gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tí kò sì sọ ọjọ́ tí ọjà yóò dé kò níí pẹ́ rí ìjà.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ti rí ọ̀nà tí ó sàn. Ní àwọn báǹkì oúnjẹ Trussell, dókítà, òṣìṣẹ́ àwùjọ tàbí ọ́fíìsì amọ̀ràn ni ó sábà máa ń fún ẹni tí ebi ń pa ní ìwé ìgbàṣẹ, nítorí náà kò sí pé ẹni tí ń pín oúnjẹ ń yẹ ojú wò láti mọ ẹni tí ó jẹ́ aláìní lóòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ibi ìpínúnjẹ ti to ẹrù sórí pẹpẹ bí ìsọ̀, kí olúkúlùkù lè mú ohun tí ilé rẹ̀ ń jẹ. Oúnjẹ tí ìdílé yàn fúnra rẹ̀ kì í sábà di àdànù, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò sì níí gbé ṣúgà lọ sílé. Ilé iṣẹ́ oníbúrẹ́dì Panera Bread gbìyànjú láti pa oníbàárà méjèèjì pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ní 2010, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ Panera Cares sí Clayton ní ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí wọ́n kàn ti dámọ̀ràn iye tí ó yẹ, tí kálukú sì ń san ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ó dé Portland, Chicago àti Boston. Nígbà tí ó fi di 2019, gbogbo rẹ̀ ti kógbá wọlé. Owó tí ó ń wọlé kò gbé e, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ètò náà tún gbé iṣẹ́ kan lé òṣìṣẹ́ lórí tí iṣẹ́ búrẹ́dì kò kọ́ ọ: láti máa wọn àìní àwọn ènìyàn níwájú èrò.

7.5 Àwọn àtakò

Àtakò tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ilé iṣẹ́ ń fi ebi ẹlòmíràn polówó ara rẹ̀. Wọ́n a tọ́ka sí i pé owó tí American Express ná sórí ìpolówó ètò 1983 ju èyí tí wọ́n fi tọrẹ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ìpolówó ni wọn ìbá fi ṣe bí ère kò tilẹ̀ sí, nítorí náà kò tọ̀nà láti sọ pé wọ́n gbà á lẹ́nu ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́. Ibi tí àtakò yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ibi tí ariwo bá ti ju ìrànwọ́ lọ tí wọn kò sì sọ iye rẹ̀.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ: ojúṣe ìjọba ni kí ebi má pa aráàlú, ìtajà aṣèrànwọ́ sì lè mú kí ìjọba káwọ́ gbera. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Kò sí ilé ìtajà tí ó lè ṣe irú ètò oúnjẹ ilé ìwé tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé kalẹ̀ lábẹ́ orúkọ O-MEAL ní 2012, tàbí èyí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ìṣẹ́ ni ó ń fa ebi, owó oṣù àti iye owó oúnjẹ ní ọjà ni yóò sì borí rẹ̀. Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà kéré sí èyí: kí ìdílé tí ó wà ní òpópónà rẹ̀ rí oúnjẹ jẹ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ fòpin sí ebi, ó ti ṣèlérí ohun tí kò sí lápò rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ àbùkù nínú ìtọ́jú oníbàárà.

Àwọn kan tún ní ọ̀fẹ́ máa ń ba ọjà àwọn ìyá alátẹ jẹ́. Irú ìbéèrè yìí ni wọ́n bi ilé iṣẹ́ bàtà TOMS, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà kan tọrẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà láti 2006, kí ó tó yí ètò náà padà sí fífi apá kan èrè ṣèrànwọ́. Ìdáhùn wà fún ti oúnjẹ: kí wọ́n ra ẹ̀wà àti gààrí náà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti alátẹ àdúgbò, tàbí kí wọ́n fún ìdílé ní kúpọ́ọ̀nù tí wọn yóò fi ná ọjà kan náà.

7.6 Ohun tí òfin sọ

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, kò gba kí ọlọ́jà fi ọ̀rọ̀ èké tàbí ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣini lọ́nà tajà. Àjọ ARCON, tí òfin 2022 fi rọ́pò APCON, ni ó ń ṣàkóso ìpolówó. Ní Amẹ́ríkà, òfin Bill Emerson ti 1996 ń dáàbò bo ẹni tí ó bá fi ọkàn mímọ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú ní oúnjẹ. Láti 2016, òfin ilẹ̀ Faransé kò gba àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá láàyè láti ba oúnjẹ tí ó ṣì ṣeé jẹ jẹ́.

7.7 Ìṣirò fún ilé ìtajà kékeré

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé oníbúrẹ́dì kan ń ta búrẹ́dì 400 lójúmọ́, tí ó sì ń jèrè ₦150 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrè rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ ₦60,000. Ó pinnu láti yọ ₦20 lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan fún báǹkì oúnjẹ. Èrè orí búrẹ́dì kan ti di ₦130. Kí èrè rẹ̀ má baà dín kù, ó gbọ́dọ̀ ta 60,000 ÷ 130, ìyẹn búrẹ́dì 462, tí ó fi 62 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí lé ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú-ìdọ́gba ni à ń pe iye títà tí èrè tuntun ti bá ti àtijọ́ dọ́gba. Bí búrẹ́dì bá tà jù 462 lọ, òun àti ẹni tí ebi ń pa jọ jẹ nínú rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èrè rẹ̀ ni ó fi ṣe àánú, kò sì sí ẹni tí ó lè ní ó ń fi ebi ẹlòmíràn pawó. Ọlọ́jà tí kò bá ṣe ìṣirò yìí ṣáájú ni ó máa ń dá ètò dúró láàárín oṣù kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kókó orí yìí

Ìtajà aṣèrànwọ́ ní oníbàárà méjì, ìlérí tí ọlọ́jà ṣe fún àwọn méjèèjì sì ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ń sanwó nílò iye tí ó ṣe kedere, gbèdéke tí kò fara pamọ́, àti àyè láti kọ̀. Ẹni tí ń jẹun nílò ètò, àkókò, ààbò àti ọ̀wọ̀. Ìtajà aṣèrànwọ́ kò lè rọ́pò iṣẹ́ ìjọba.

Ìdánrawò

1. Fi ìyàtọ̀ méjì hàn láàrin ìtajà aṣèrànwọ́ àti ọrẹ àánú.
2. Kí ni gbèdéke? Lo ọ̀rọ̀ ìdérí yógọ́ọ̀tì 1999 láti ṣàlàyé bí ó ṣe lè ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́.
3. Olómi kan ń ta àpò omi 300 lójúmọ́, ó sì ń jèrè ₦200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yọ ₦40 lórí àpò kan, ṣírò ojú-ìdọ́gba rẹ̀ àti ìdá tí títà gbọ́dọ̀ fi pọ̀ sí i nínú ọgọ́rùn-ún.
4. "Ìtajà aṣèrànwọ́ ń jẹ́ kí ìjọba káwọ́ gbera." Jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí o sì fi àpẹẹrẹ ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.
5. Kọ ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ tí òṣìṣẹ́ ibi ìsanwó lè sọ fún oníbàárà nípa ètò ìrànwọ́ oúnjẹ, àti èsì tí yóò fún ẹni tí ó bá kọ̀.
6. Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún. Ẹ lọ sí ilé ìtajà kan ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi oúnjẹ tí kò tà ṣe, kí ẹ sì ya àwòrán ètò pínpín fún igba ìdílé: ẹnu ọ̀nà, ìlà, nọ́ńbà àti àkókò. Ẹ mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.